Ọwọ́ tó gan, apá tí kò yí mọ́: ìbéèrè tí àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ máa ń bi wá

Ẹni tí apá rẹ̀ ṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ jóná, tí àdá ṣá, tàbí tí rọpárọsẹ̀ mú lápá kan ni a kọ èyí fún, àti ará ilé tó ń tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn wa ní orílẹ̀-èdè Benin ń pè ní ergothérapie ni à ń ṣe: kí ènìyàn lè padà sídìí ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, ìbáà ṣe oúnjẹ, ìwẹ̀, oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí a kọ síbí kò lè dípò kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó bi í.

Ìka mi ni kò ká. Kí ló dé tí ẹ fi ń yẹ apá mi wò láti ìgbọ̀nwọ́?

Ìka kì í dá ṣiṣẹ́. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, eegun méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó wà níhà ọmọńdinrín dúró sójú kan. Èyí tó wà níhà àtàńpàkò ló ń yí gun èkejì nígbà tí ẹ bá da àtẹ́lẹwọ́ bolẹ̀, òun náà ló sì ń yí padà nígbà tí ẹ bá ṣí i sókè. Ẹ dán an wò: ẹ ká ìgbọ̀nwọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà, kí àtàńpàkò kọjú sókè. Láti ibẹ̀, ẹni tí apá rẹ̀ dá á lè ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè tó dígírì 80 sí 90, á sì lè dà á bolẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ní tirẹ̀ ní eegun kéékèèké 8. Ó ń tẹ̀ síhà àtẹ́lẹwọ́ tó dígírì 80, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn tó 70, ó ń yà síhà àtàńpàkò ní nǹkan bí 20, ó sì ń yà síhà ọmọńdinrín ní nǹkan bí 30. Ara kò dọ́gba, nítorí náà ọwọ́ yín kejì ni a máa fi díwọ̀n èyí tó ń ṣàìsàn.

Wàyí, ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú pátápátá, kí ẹ wá di ìkúùkù. Kò ní dì dáadáa. Ẹ gbé ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó rí i pé ìka ká fúnra wọn. Iṣan tó ń ká ìka àti èyí tó ń nà án, ọrùn ọwọ́ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Bí ọrùn ọwọ́ bá wó síwájú, àwọn tó ń ká ìka á dẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ọwọ́ á fà le, wọn ò sì ní jẹ́ kí ìka dì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ìka rẹ̀ dá ṣáṣá, àmọ́ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wó, kò fi ní lè di ọkọ́ mú. Ojú gbogbo ènìyàn ń wà lára ìka. Yíyí apá àti gbígbé ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn ni wọ́n ń gbàgbé, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń sọ bóyá ìka á rí iṣẹ́ ṣe.

Ṣé dandan ni kí gbogbo yíyí náà padà kí n tó lè ṣe nǹkan?

Rárá o. Ní 1981, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà wọn apá ènìyàn 33 níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn iṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n rí i pé bí apá bá lè yí sókè tó dígírì 50, tó sì lè yí bolẹ̀ tó 50, ó ti tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwọ̀n yẹn ni àwọn tó ń tọ́jú ọwọ́ káàkiri ayé ń lò títí di òní, àwa náà sì ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn iṣẹ́ tí wọ́n wọ̀n: ṣíṣí ilẹ̀kùn, kíka ìwé ìròyìn, fífi fọ́ọ̀kì jẹun, gbígbé tẹlifóònù. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀, tó ní láti gba omi sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó fi bọ́jú, kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gba obì lọ́wọ́ àgbà kò sí nínú rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta àkàsà ní Àjàṣẹ́ fi èyí hàn wá kedere. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, ó ti jinná, ó ń fi ọwọ́ náà pọ́n àkàsà sínú ewé láìsí wàhálà. Owó ni kò lè gbà. Bí oníbàárà bá na owó ẹyọ sí i, àtẹ́lẹwọ́ á dúró ní ẹ̀gbẹ́, àtàńpàkò lókè, owó á yọ̀ gba àárín ìka bọ́ sínú ilẹ̀. Ó ti kọ́ bí yóò ṣe fi gbogbo ara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ọwọ́ lè ṣí, èjìká àti ẹ̀yìn sì ń dùn ún ní alẹ́. Iye dígírì tó kù fún un kéré lójú ìwé, àmọ́ òun ni owó rẹ̀ ń gbà bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, kí a tó wọn apá yín, a ó kọ́kọ́ bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe.

Wọ́n ti tú plâtre, ìyẹn ìdè funfun líle tí ilé ìwòsàn fi ń di ibi tó ṣẹ́, kúrò ní ọwọ́ mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Eegun ti mú, àmọ́ ọwọ́ kò yí. Ṣé bí yóò ṣe wà nìyí?

Kì í ṣe bí yóò ṣe wà nìyí. Ìṣubú tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ gún ilẹ̀ ló ń fa irú ìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jù, láti orí zémidjan (alùpùpù akérò), láti orí àkàbà, tàbí nínú balùwẹ̀ tó ń yọ̀. Nígbà tí apá wà nínú plâtre, oríkèé kò rìn, awọ tó bo oríkèé sún kì, iṣan sì rù. Yíyí àtẹ́lẹwọ́ sókè ló sábà máa ń pẹ́ jù kí ó tó padà.

Iṣẹ́ ilé tí a máa ń fún àwọn ènìyàn nìyí, lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ pé eegun mú. Ẹ jókòó, ẹ ká ìgbọ̀nwọ́, ẹ há aṣọ kékeré sáàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ìhà. Aṣọ yẹn ṣe pàtàkì: bó bá bọ́, èjìká ló ń bá yín yí i, apá kò ṣe nǹkan kan. Ẹ di ọmọrogùn mú ní àárín gbùngbùn, ẹ yí i lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fà, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ tó yí i bolẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Bó bá ti rọrùn, ẹ sún ọwọ́ lọ sí ìdí ọmọrogùn. Orí rẹ̀ á wúwo sí i, á sì máa fa apá lọ síbi tí kò fẹ́ lọ.

Fún ọrùn ọwọ́, ẹ gbé apá lé tábìlì, kí ọwọ́ yọ síta létí rẹ̀. Ẹ di ìkúùkù díẹ̀, kí ẹ wá gbé ọrùn ọwọ́ sókè. Ẹ má na ìka, nítorí bí ìka bá nà, iṣan ìka ló ń gbé e, iṣan ọrùn ọwọ́ á sì máa sùn. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà bí ẹni ń gbàdúrà, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n ṣí kúrò lára wọn.

Kí ó fà, kò burú. Bí ìrora bá ṣì ń jà yín lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí tí ọwọ́ wú lọ́jọ́ kejì, ẹ ti ṣe é jù. Ẹ dín in kù, ẹ má dá a dúró.

Nígbà tí plâtre ṣì wà lọ́wọ́, kí ni mo lè ṣe?

Ohunkóhun tí plâtre kò bò, ẹ máa gbé e. Ìka, ìgbọ̀nwọ́, èjìká, ní gbogbo wákàtí tí ojú yín bá là. Ẹ gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ kí ó má wú. Èjìká tó gan nítorí pé wọ́n fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn fún oṣù kan máa ń fún wa níṣẹ́ ju ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ́ gan-an lọ.

Bàbá tó ń to eegun lábúlé wa ti fi paǹpá di apá ọmọ mi. Ṣé kí n tú u?

A kò bú àwọn tó ń to eegun. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn ènìyàn ti ń wá wọn, a sì mọ̀ pé fún ẹni tó ń gbé oko, wọ́n sún mọ́ni ju ilé ìwòsàn lọ. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí gbogbo ìyá àti bàbá mọ̀, èyí ni ìdè tó le jù.

Inú àpò líle ni ẹran apá wà, àpò náà kì í nà. Bí apá bá ṣẹ́, ẹran á wú nínú àpò, bí okùn bá tún fún un láti ìta, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á bẹ̀rẹ̀ sí kú láàárín wákàtí mẹ́fà tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọmọ yín. Bó bá ń ké ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìrora náà sì le sí i nígbà tí ẹlòmíràn bá rọra na ìka rẹ̀, tàbí bí ìka bá tutù, tó funfun, tó wú, tàbí tó ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ tú ìdè náà títí dé awọ, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ lóru ọjọ́ yẹn. Kí ọwọ́ ṣì gbóná, kí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ṣì máa lù ní ọrùn ọwọ́, kò túmọ̀ sí pé kò sí ewu.

Ọmọ tí wọ́n kò tú ìdè rẹ̀ lásìkò, ẹran apá rẹ̀ á kú, á sún kì. Ọrùn ọwọ́ á ká síwájú, ìka á há mọ́ àtẹ́lẹwọ́, apá kò sì ní yí sókè mọ́. Richard von Volkmann, oníṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, ti kọ nípa rẹ̀ láti 1881, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà. Ó dùn wá gan-an pé a ṣì ń rí i lára ọmọ ilé ìwé, nítorí ìdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè fi ọ̀bẹ gé kúrò.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni kò dára. Ojú ń tì mí láti fi òsì jẹun tàbí kí n fi nawọ́ nǹkan sí àgbà. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ènìyàn lè gba ìrora mọ́ra, kó má lè gba ìtìjú. Àwọn kan ti ń fi ebi sùn níbi ìnáwó nítorí pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n rí wọn níbi tí wọ́n ti ń fi òsì mú òkèlè.

Ohun tí à ń sọ fún wọn nìyí. Ẹ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, “Ẹ má bínú, ọ̀tún mi kò dá,” kò sí àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe tí yóò bínú sí i. Bí ẹ bá ń nawọ́ nǹkan sí ẹni, ẹ fi òsì gbé e, kí ọ̀tún tó ń ṣàìsàn wà lábẹ́ òsì, kí méjèèjì lọ pọ̀. Ọ̀wọ̀ ti wà níbẹ̀, ọ̀tún náà sì ti ṣe eré ìdárayá. Nínú ilé níbi tí àlejò kò sí, ẹ jẹ́ kí ọ̀tún gbìyànjú òkèlè díẹ̀ kí òsì tó gbà á. Èbà tó le díẹ̀ rọrùn láti mú ju àmàlà tó rọ̀ lọ. Bí ìka kò bá lè dì, a máa ń fi aṣọ tàbí ike wé ìdí ṣíbí títí yóò fi nípọn, kí ọwọ́ lè dì í mú.

Ẹ má jẹ́ kí ará ilé máa fún yín lóúnjẹ jẹ bí òsì bá lè ṣe é. Àánú ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ọwọ́ tí wọn kò fún níṣẹ́ á gbàgbé iṣẹ́.

Àdá ṣá mi ní àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ti so iṣan náà pọ̀. Ìgbà wo ni mo lè di ìkúùkù?

Ẹ má dì í fúnra yín rárá kí ẹni tó so ó tó sọ. Iṣan tí wọ́n so ṣì rọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá fi agbára ká ìka, á já, iṣẹ́ abẹ kejì kì í sì dára tó ti àkọ́kọ́. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ láìgbé, nítorí iṣan náà á lẹ̀ mọ́ ẹran tó yí i ká. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a máa ń fi attelle, ìyẹn ike tí a mọ bá ọwọ́ láti gbé e dúró, dáàbò bo ẹ̀yìn ọwọ́ àti ìka, a ó sì máa fi ọwọ́ kejì rọra ká ìka náà fún un. Ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 kí a tó gbà yín láyè láti gbé ohun tó wúwo. Bí ìka bá ń ká tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ lójijì, ẹ padà lọ bá oníṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà.

Lóru, àtàńpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e máa ń kú, wọ́n ń ta mí bí abẹ́rẹ́. Gàrí ni mo ń yan.

Ihò tóóró kan wà níwájú ọrùn ọwọ́. Iṣan 9 tó ń ká ìka àti iṣan ìmọ̀lára kan ni wọ́n jọ ń gba ibẹ̀. Bí iṣan wọ̀nyẹn bá wú nítorí iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe bákan náà láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí nítorí oyún, tàbí nítorí àtọ̀gbẹ, wọn á tẹ iṣan ìmọ̀lára náà. Òun ló ń gbé ìmọ̀lára àtàńpàkò, ìka ìlábẹ̀, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka. Kì í dé ọmọńdinrín. Bó bá jẹ́ ọmọńdinrín ló ń kú, ibòmíràn ni kí ẹ wá a sí, bóyá ní ìgbọ̀nwọ́.

Òru ló ń le nítorí pé a máa ń ká ọrùn ọwọ́ sábẹ́ orí nígbà tí a bá sùn. Ẹ fi attelle gbé ọrùn ọwọ́ dúró gbọọrọ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lójú iṣẹ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì pín yíyan gàrí, kí ìdí ohun tí ẹ fi ń rò ó nípọn, kí ìkòkò wà ní ìwọ̀n tí ọrùn ọwọ́ kò fi ní wó. Bí ẹran ìdí àtàńpàkò bá ń rù, tàbí tí ẹ kò lè mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀ mọ́, iṣan ìmọ̀lára ti ń kú lọ. Dókítà ni kí ẹ lọ bá, ẹ má tún ra ìpara.

Mo jí láàárọ̀, ọwọ́ mi kàn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò gbéra sókè.

Iṣan ìmọ̀lára kan, èyí tó ń jẹ́ kí ọwọ́ gbéra sókè, wé eegun apá òkè lẹ́yìn. Ẹni tó sùn lé apá rẹ̀ lórí àga, ẹni tí apá òkè rẹ̀ ṣẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ níbi tí kò yẹ lè fi pa iṣan yìí lára. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, ó sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù. Bó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́, tó ní láti hù padà, nǹkan bí mìlímítà kan ló ń hù lóòjọ́. Ẹ wọn ibi tó bàjẹ́ sí ọrùn ọwọ́, ẹ ó mọ ìdí tí a fi ń sọ pé kí ẹ ní sùúrù. Kó tó dé, attelle tó gbé ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn á jẹ́ kí ìka lè di nǹkan mú lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyàtọ̀ tó ń ṣe máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Rọpárọsẹ̀ mú bàbá wa. Wọ́n ní kí ó máa tẹ bọ́ọ̀lù. Ṣé ó dára?

Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò dára. Ẹ wo bí ọwọ́ bàbá ṣe rí: apá dà bolẹ̀, ọrùn ọwọ́ wó síwájú, ìka há. Dídì kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ó ti dì jù. Ṣíṣí ló nílò. Bọ́ọ̀lù ń kọ́ ọwọ́ náà ní ohun tó ti mọ̀ jù.

Ẹ jókòó tì í, ní ẹ̀gbẹ́ tí kò dá, kí ó lè máa wo ìhà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ìka á dẹ̀ fúnra wọn. Ẹ ṣí àtàńpàkò láti ìdí rẹ̀, ẹ ṣí ìka, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé ọrùn ọwọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fa ṣónṣó ìka. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà sórí bẹ́ǹṣì, kí ó fara tì í díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un níṣẹ́: kí ọwọ́ yẹn mú abọ́ dúró nígbà tí èyí tó dá ń ro nǹkan nínú rẹ̀, kí ó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nígbà tí èkejì ń ká a. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò tó. Àtúnṣe lọ́pọ̀ ìgbà ló ń jí ọpọlọ. Ẹ má sì fi apá yẹn fà á dìde láé. Èjìká rẹ̀ á yọ.

Ọmọ mi ní ọgbẹ́ Buruli ní ọrùn ọwọ́. Kò dùn ún, àmọ́ ọwọ́ ti ń ká.

Ní agbègbè Plateau àti Ouémé níbí ní Benin, gbogbo ilé tó wà nítòsí àbàtà àti odò tí kò yára ṣàn ló yẹ kó mọ àìsàn yìí. Kòkòrò tó bá ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀ tan ló ń fà á. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré lábẹ́ awọ tàbí bí ìwúlé, oró rẹ̀ sì ń pa ẹran àti ìmọ̀lára pọ̀, ìdí nìyí tí kì í fi dùn, tí àwọn òbí fi ń fi falẹ̀. Oògùn wà: rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ 8. Ilé ìwòsàn tó wà ní Pobè ni wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀tẹ̀ àti ọgbẹ́ Buruli, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Kétu.

Oògùn á pa kòkòrò, kò ní na ọwọ́. Bí ọgbẹ́ bá ń jinná, àpá á máa fa oríkèé mọ́ra, ọmọ á sì fẹ́ ká a nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìgbà tí ọgbẹ́ ṣì ṣí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ọrùn ọwọ́ nínà lórí attelle lóru, gbígbé e sẹ́yìn àti yíyí apá lójúmọ́, nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ ọgbẹ́ pàápàá. Tí ẹ bá dúró títí ọgbẹ́ yóò fi jinná kí ẹ tó wá, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń kù.

Ọwọ́ ọmọ kékeré jóná. Báwo ni kí ó ṣe sùn?

Ó dá lórí ibi tó jóná. Bó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí àtẹ́lẹwọ́ ṣí, kí ìka nà, kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́, oríkèé ìdí ìka ni kí ó ká, kí ìyókù ìka nà, kí àtàńpàkò yà kúrò lára wọn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ la àárín ìka kí wọ́n má lẹ̀ pọ̀. Àpá iná lè máa fà títí di ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má kọ attelle sílẹ̀ nítorí pé awọ ti bò.

Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́ kí a má baà pẹ́ dé ilé ìwé, láti ìgbà yẹn kò gbé apá náà mọ́.

Bí kò bá tó ọmọ ọdún márùn-ún, tí kò ṣubú, tí apá kò wú, tó kàn so ó mọ́ ara pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó dà bolẹ̀, orí eegun ìhà àtàńpàkò ló ṣeé ṣe kí ó yọ díẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n á yí i padà kíá. Ẹ má yí i fúnra yín. Láti òní lọ, abẹ́ apá ni kí ẹ ti máa gbé ọmọ, kì í ṣe ọwọ́ kan.

Ṣé kí n fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ?

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára kí ẹ tó ṣe eré ìdárayá. Bí ọwọ́ náà kò bá mọ ìmọ̀lára, ọwọ́ kejì ni kí ẹ fi tọ́ omi wò. Òrí dára lórí àpá tó ti jinná pátápátá, kí ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ yípo fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fífi agbára wọ́ ìgbọ̀nwọ́ tó ṣẹ́ ni kò dára: eegun tuntun lè hù sínú ẹran, ìgbọ̀nwọ́ á sì tì pa.

Iṣẹ́ ilé wo ló lè dípò eré ìdárayá?

Inú wa máa ń dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí pé iṣẹ́ ilé gan-an ni oògùn wa. Ẹ fún omi kúrò lára aṣọ: apá á yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ yín àgbàdo: àtàńpàkò á tì, ìka á mú. Ẹ bó ẹ̀gúsí: orí àtàńpàkò àti orí ìka ìlábẹ̀ á pàdé. Lílọ ata lórí ọlọ ń gbé ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ń fi ẹrù lé e, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tó bá yá. Iyán gígún ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Ayò ni a fẹ́ràn jù. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe: ìka á kó ọmọ ayò mẹ́rin jọ láti inú ihò, apá á yí díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà wọ́n, àtàńpàkò á wá ti ọ̀kan láti àárín àtẹ́lẹwọ́ jáde sí ṣónṣó ìka, á jù ú sílẹ̀ nìkan, láìjẹ́ kí mẹ́ta tó kù bọ́. Ẹni tó bá ṣe èyí yí ọpọ́n ká lè dé bọ́tìnnì, ó sì lè ka owó. Ọwọ́ tó ń ṣàìsàn ni kí ẹ fi ta á, kí ọ̀rẹ́ tí yóò bá yín ta á má sì kánjú.

Ìgbà wo ni mo lè padà sóko, sórí alùpùpù, sídìí igi gbígbẹ́?

Fún ìṣẹ́ ọrùn ọwọ́, ohun tó wúwo sábà máa ń dúró di nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Alùpùpù: ìgbà tí ẹ bá lè fi agbára fún bíréèkì láìrora, tí ọrùn ọwọ́ sì lè tẹ̀ sẹ́yìn kí ó gba ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà. Ọkọ́, òòlù àti àáké ní ọ̀nà kan náà tí ọrùn ọwọ́ ń gbà: láti ẹ̀yìn níhà àtàńpàkò wá síwájú níhà ọmọńdinrín. Ọ̀nà yẹn kì í da àwọn eegun kéékèèké láàmú tó títẹ̀ tààrà, nítorí náà a máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu lè fi igi rírọ̀ àti òòlù kékeré bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àkọ́kọ́, kí ó tó gbé ìyókù.

Kí ló yẹ kó mú mi sáré padà wá?

Ọwọ́ tó gbóná, tó ń dán, tó ń làágùn, tí aṣọ kò gbọdọ̀ kàn án nítorí ìrora, lẹ́yìn tí eegun ti jinná. Ìka tó dúdú tàbí tó funfun. Ọyún. Ìmọ̀lára tó ń dín kù lójoojúmọ́.

Kí ni kí n mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ẹ mú fọ́tò eegun tí wọ́n yà fún yín wá, àti ìwé oníṣẹ́ abẹ bó bá wà. Ẹ mú ohun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ wá pẹ̀lú, ọ̀bẹ, ọmọrogùn, sísọ́ọ̀sì aránṣọ, bútà àlùwàlá. Ẹ mú ẹnì kan nínú ilé wá tí yóò máa bá yín ṣe é lálaalẹ́. Bí ergothérapeute kò bá sí nítòsí, wọn kò pọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, ẹ béèrè kiné, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún un ní tààrà ohun tí ọwọ́ yín kò lè ṣe mọ́ nínú ilé.